Ọ̀rọ̀ Tí Ọ̀gá Aláṣọ Funfun Kò Sọ

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ṣakí, ilé fídíò kan ṣoṣo ló wà ní àdúgbò wa. Yàrá gígùn kan ni, wọ́n fi àpò ìrẹsì bo ojú fèrèsé rẹ̀ kí oòrùn má baà ba àwòrán jẹ́. Bẹ́ǹṣì mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Ní ọ̀sán Sátidé ni wọ́n máa ń gbé fíìmù ìjà àwọn ará Ṣáínà sí i, èrò a sì kún débi pé àwọn obìnrin tó gbé ẹ̀pà wá tà a gbàgbé ẹ̀pà lórí, wọ́n a dúró sẹ́nu ọ̀nà máa wòran.

Èdè Ṣáínà ni wọ́n ń sọ nínú àwọn fíìmù náà. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀ àwòrán, èyí tó pọ̀ jù nínú èrò náà kò sì lè kà á. Bọ̀ọ̀dá mi ló mú mi lọ síbẹ̀. Ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, ó ti kúrò nílé ẹ̀kọ́, ó ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Ó sọ fún onílé fídíò pé, "Àbúrò mi yìí á máa kà á fún wọn. Ẹ jẹ́ kí àwa méjèèjì máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́." Bí mo ṣe di ẹni tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn nìyẹn, tí mò ń pariwo ọ̀rọ̀ àwọn oníjà ní Yorùbá kí ohùn mi lè borí ti jẹnẹrétọ̀.

N kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ yẹn nìkan ló mú mi sọ̀rọ̀ láàárín èrò rí. Mo máa ń gbìyànjú láti sọ ọ́ bó ṣe wà gan-an. Bí àwọn ọ̀rọ̀ náà bá sáré kọjá kí n tó kà wọ́n tán, màá dákẹ́. Wọn kì í fẹ́ kí n dákẹ́.

"Akọ̀wé, kí ló wí?"

"Òyìnbó ti tán lẹ́nu ẹ̀. Ẹ fún un lómi."

Fíìmù kan wà tí àgbà ọ̀gá kan ti ń kọ́ ọmọkùnrin kan ní ìjà lórí òkè. Aṣọ ọ̀gá náà funfun, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. Àwọn lẹ́tà ìsàlẹ̀ àwòrán náà funfun. Ọmọkùnrin yẹn ti fi ẹsẹ̀ kan dúró lórí òpó láti àárọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ wá, ó dúró níwájú rẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó sì sọ̀rọ̀ kan. Aṣọ rẹ̀ ti gba gbogbo ìsàlẹ̀ àwòrán. Funfun lórí funfun. N kò rí lẹ́tà kan kà.

Ilé pa rọ́rọ́. Gbogbo wọn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pàtàkì ni. Bọ̀ọ̀dá mi lóṣòó sílẹ̀ níwájú, ó ń wojú mi, n kò sì fẹ́ dójú tì í. Ọdẹ ni bàbá wa. Ó máa ń sọ fún wa pé ẹni tó bá sé èémí rẹ̀, ẹran kò ní gbúròó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló sáré wá sí mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kò sí ẹran nínú fíìmù náà, idà ló wà níbẹ̀. Mo ní, "Ó ní, ẹni tó bá sé èémí rẹ̀, irin kò ní ríbi gbà wọlé."

Ilé hó. Kò pẹ́, ọmọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ó bá àwọn onídà méje jà, idà kankan kò sì bà á. Ohun tí mo sọ bá gbogbo rẹ̀ mu. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé mo kà á.

Kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń wo àwọn fíìmù wọ̀nyẹn nígbà náà. A kò kà wọ́n sí eré. Ọkùnrin kékeré kan wà tí àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri gbogbo onígbàjámọ̀ ní Ṣakí, pẹ̀lú igbáàyà rẹ̀ tó ní iṣan bí okùn. Ó ti kú kí á tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo fíìmù rẹ̀. Àwọn àgbààgbà a máa jiyàn lórí ikú rẹ̀ bí ẹni pé ará Ìpàpó tó wà lágbègbè wa ni. Wọ́n ní irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kì í ṣàìsàn kú, ó ní láti jẹ́ pé ó jẹ èèwọ̀ rẹ̀ ni. Lójú wọn, agbára tí kò ní èèwọ̀ kò sí. Bí òògùn bá sì kọ̀ tí kò jẹ́, a kì í dá òògùn lẹ́bi. Ẹni tó lò ó ni a ń bi pé kí ló ṣe. Láti ìgbà yẹn ni bọ̀ọ̀dá mi kò ti jẹ ìgbín mọ́, ó ní ó máa ń sọ ara di rírọ̀.

Nígbà tó di ọ̀gá káfíńtà, ó dá ẹgbẹ́ karáté sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé ìṣẹ́ rẹ̀. Inú fíìmù ló ti kọ́ gbogbo ohun tó fi ń kọ́ wọn. Másítà ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń pè é. Ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ̀rọ̀ yẹn sára ògiri: ẸNI TÓ BÁ SÉ ÈÉMÍ RẸ̀, IRIN KÒ NÍ RÍBI GBÀ WỌLÉ. Mo máa ń rí i tí mo bá ń kọjá lọ sọ́jà. Mo mọ ẹni tó ni ín. N kò sọ nǹkan kan, nítorí n kò rò pé ó lè pa ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà oko wa bàjẹ́. Àwọn ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú igbó, wọ́n ń gba alùpùpù, wọ́n ń jí èèyàn gbé. Àwọn àgbẹ̀ kò lè lọ wa iṣu wọn. Ni ẹgbẹ́ bọ̀ọ̀dá mi bá ń sìn wọ́n lọ, wọ́n ń sìn wọ́n bọ̀. Mẹkáníìkì alùpùpù kan ló jẹ́ olórí nínú wọn. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Òun nìkan ni ọmọ tó kù fún ìyá rẹ̀. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń nu ọwọ́ nù kó tó kí èèyàn.

Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin mẹ́rin yọ sí wọn nítòsí odò. Àwọn tó padà wálé ló sọ bó ṣe rí. Gbogbo wọn sá. Mẹkáníìkì kò sá. Ó fa èémí sínú, ó pa ẹnu dé, ó na àyà sí ẹni tó mú àdá lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹni yẹn tilẹ̀ dúró díẹ̀, bí ẹni pé kò yé e. Lẹ́yìn náà ló ṣá a. Mẹkáníìkì kú kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù.

Ní ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n ṣe àdúrà fún un, mo wà nílé wọn. Bọ̀ọ̀dá mi kúnlẹ̀ níwájú ìyá mẹkáníìkì. Omi wà lójú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀tàn. Ó ní, "Màámi, ó mí ni. Ẹ̀rù ló bà á díẹ̀, ló bá mí. Bí kò bá mí ni, irin ò ní wọlé."

Ìyá náà yíjú sí àwọn tó wà lójú ọ̀nà oko lọ́jọ́ náà. Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé ẹ rí i pé ó mí?"

 Ó tún bi wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn wolẹ̀, ó ní, "Bóyá ó mí, Màámi."

Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni bọ̀ọ̀dá mi sọ pé Sátidé tó ń bọ̀, òun àti àwọn márùn-ún yóò padà lọ sójú ọ̀nà yẹn. Òun ni yóò ṣíwájú. Ó ní, "Èmi kì í mí."

Mo padà sílé, mo ní kí ọmọbìnrin mi bá mi wá fíìmù náà lórí fóònù rẹ̀. N kò rántí àkọlé rẹ̀, òpó àti òkè nìkan ni mo rántí. Ó wá a fún ọjọ́ méjì kó tó rí i. Wọ́n ti tún àwọn lẹ́tà ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọ, wọ́n fi àwọ̀ ìyeyè kọ ọ́. Mo ní kó dá a padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí ọ̀gá náà sọ ni pé, "Sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun. Ìrẹsì ti ń tutù."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo lọ bá bọ̀ọ̀dá mi ní ìsọ̀ rẹ̀. Ó ń fá pákó ilẹ̀kùn kan.

"Bọ̀ọ̀dá, ọ̀rọ̀ tó wà lára ògiri yẹn, ọwọ́ mi ló ti wá."

"Ìwọ lo kà á. Ta ni kò mọ̀?"

"N kò kà á. N kò rí i kà lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí bàbá wa ń sọ nípa ẹran ni mo yí padà."

Ó gbé irin iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Kí wá ni ọ̀gá náà wí?"

"Ó ní kó sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun. Pé ìrẹsì ti ń tutù."

Mo fi fóònù hàn án. Ó wò ó tán, ó ní, "Kà á." Mo kà á. Ó ní, "Kà á bó ṣe wà." Mo ní bó ṣe wà nìyẹn. Ó jókòó sórí pákó. "Ọdún mélòó ni mo ti fi ń kọ́ wọn?"

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

"N kò ní kí o dá mi lóhùn."

Ní àárọ̀ Sátidé, àwọn márààrún pé jọ sẹ́yìn ìsọ̀ náà. Ó sọ fún wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ, pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ ara ògiri, pé òun lòun dá a sílẹ̀ látinú ara òun. Kò dárúkọ mi. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Másítà, ẹ sọ pé ẹ ń bẹ̀rù, ká gbọ́." Òmíràn tutọ́ sílẹ̀, ó sì lọ. Kò sẹ́ni tó lọ sójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ìyá mẹkáníìkì kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà bọ̀ọ̀dá mi, kò bú u, kò ṣépè. Ó kàn jókòó títí àwọn ará ilé rẹ̀ fi wá mú un lọ. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ fún bọ̀ọ̀dá mi ní àdúgbò. Ilẹ̀kùn tó ń fá lọ́jọ́ tí mo lọ bá a ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, olówó rẹ̀ kò wá gbé e. Bọ̀ọ̀dá mi kò ránṣẹ́ sí mi. Mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá.

Ní ọjọ́ kejìlá, mo lọ bá ìyá náà. Ó ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ igi máńgòrò. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: aṣọ funfun, lẹ́tà funfun, ọ̀rọ̀ bàbá wa, ìrẹsì. Mo ní, "Màámi, bó mí, bí kò mí, kò ṣe nǹkan kan tó burú. Bọ̀ọ̀dá mi kò mọ nǹkan kan. Èmi ni."

Kò dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró. 

"Mo mọ̀ ọ́. Akọ̀wé. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, ẹ̀pà wà lórí mi. Oyún ọmọ mi yìí ti pé oṣù méje."

Ó mú ẹ̀gúsí mìíràn.

"Èmi náà pàtẹ́wọ́. Nígbà tó wà ní kékeré, tí wọ́n fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́, èmi ni mo sọ fún un pé kó sé èémí, irin ò ní ríbi wọlé. Ó sé e. Kò sunkún." Ó ju èèpo ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Kó tó mọ ẹ̀gbọ́n rẹ rárá nìyẹn."

Mo na ọwọ́ kí n bá a bó èyí tó kù. Ó fa igbá ẹ̀gúsí náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.