Bí Ó Bá Jẹ́ Pé Bọ́sẹ̀ Ló Bó Obì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gba ẹ̀yìn ọjà kan kọjá ní Ṣàgámù, ni òórùn obì tí wọ́n rẹ sínú omi bá gbá mi nímú. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè ní ó ń rùn. Èmi dúró, mo fà á símú dáadáa, mo sì ń rẹ́rìn-ín lójú títì bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

Obì ni iṣẹ́ agboolé wa ní Ofin, ládùúgbò kan ní Ṣàgámù níbẹ̀. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú agbada títí awọ funfun ara rẹ̀ á fi rọ̀, tí ìka lásán á lè bó o. Èyí tí kò bá tíì rọ̀, àfi kéèyàn fi èékánná ha á, èékánná á sì dá ọgbẹ́ sí i lára. Obì tó bá sì ti gbọgbẹ́, kò ní pẹ́ bàjẹ́ nínú agbọ̀n.

Bọ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ń gbé ní agboolé wa lọ́dọ̀ Ìyá Dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Kíláàsì kan náà la wà, láyé ìgbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kún ilé ìwé fọ́fọ́. Olùkọ́ ìṣirò wa, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìpẹ̀rú tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ ń gbálẹ̀, ló kọ́ wa ní bí a ṣe ń fi “bí” àti “a jẹ́ pé” wá ìdí ọ̀rọ̀. Á kọ lẹ́tà méjì sójú bọ́ọ̀dù, á fi ọfà so wọ́n pọ̀: bí tibí bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé tọ̀hún náà rí bẹ́ẹ̀. Ó ní tí a bá fẹ́ fi hàn pé ọ̀rọ̀ kan kì í ṣe òótọ́, ká kọ́kọ́ gbà pé òótọ́ ni, ká tẹ̀ lé e lọ títí yóò fi forí sọ ògiri. Àmọ́ lọ́jọ́ tó ní, “Ẹ jẹ́ ká gbà pé òjò kò ní rọ̀ mọ́,” gbogbo kíláàsì ló dáhùn pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Nígbà tó tún ní ká gbà pé òun ti kú, ọmọbìnrin kan lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún un.

Bọ́sẹ̀ nìkan lọ̀rọ̀ náà yé délẹ̀. Òun ni wọ́n mú fún ìdíje ìṣirò tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Ìkẹ́nnẹ́ ní Sátidé, inú rẹ̀ sì dùn débi pé oorun kò kùn ún mọ́. Ó ku ọ̀la ni Ìyá Dúpẹ́ rí i pé ẹnì kan ti bó obì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ lánàá, ọgbẹ́ sì wà lára gbogbo rẹ̀. Ó wo ọwọ́ Bọ́sẹ̀, ó rí i tó pọ́n. Ó ní ẹni tó bá bó obì, ọwọ́ rẹ̀ á pọ́n, ọwọ́ Bọ́sẹ̀ pọ́n, Bọ́sẹ̀ ni. Kò sí Ìkẹ́nnẹ́ mọ́. Bọ́sẹ̀ ní oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tí àwọn bó nílé ìwé ni, ṣùgbọ́n ta ní ń gbọ́?

Ó sunkún, ó nu ojú, ó dìde bí ẹni tó wà níwájú bọ́ọ̀dù. “Ẹ jẹ́ ká gbà pé èmi ni mo bó o.”

Ìyá Dúpẹ́ pàtẹ́wọ́. “Ẹ ti gbọ́ o, ó ti jẹ́wọ́.”

Bí Bọ́sẹ̀ ṣe ń ṣàlàyé pé àbá lásán ni, bẹ́ẹ̀ ni àǹtí rẹ̀ ń wá pàṣán. Mo sá tọ ìyá àgbà lọ, ìyá ọkọ Ìyá Dúpẹ́, mo kúnlẹ̀, mo bi wọ́n bóyá ẹni tí kò ní èékánná lè dá irú ọgbẹ́ yẹn sí obì lára. Wọ́n ní kò lè ṣeé ṣe. Mo fa ọwọ́ Bọ́sẹ̀ síwájú wọn: ní Mọ́ńdè ni wọ́n gé èékánná gbogbo wa kan ẹran nílé ìwé.

Ìyá àgbà mú obì kan, wọ́n fi àtàǹpàkò wá ojú ọgbẹ́ ara rẹ̀. Wọ́n wo ìka Bọ́sẹ̀. Wọ́n wá wo ìka tiwọn, èékánná gígùn rẹpẹtẹ, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín títí gèlè fi já lórí wọn. Ojú wọn tó ti ń ṣe bàìbàì ló fi agbada tuntun pe ti ìjẹta tó ti rọ̀. “Ọma mi, a jẹ́ pé èmi ni.”

Gbogbo agboolé rẹ́rìn-ín. Bọ́sẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ má bínú, Ìyá. Ohun tá a fi hàn ni pé kì í ṣe èmi. Tiyín, ẹnu ara yín lẹ fi sọ ọ́.”

Ó lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, ó sì ṣe dáadáa. Lónìí, ṣọ́ọ̀bù ti bo agboolé wa, àwọn tó ń bó obì kò sì pọ̀ mọ́. Àwọn èèyàn ń rí ọwọ́ pípọ́n lórí fóònù, wọ́n sì ń dájọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ń dùn mí. Ìyá Dúpẹ́ kò tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ títí tó fi kú. Bí ọmọ kankan bá ṣẹ̀, á kọ́kọ́ jókòó, á ní, “Ẹ jẹ́ ká gbà pé òun ni,” á sì máa rò ó lọ. Púpọ̀ nínú wa bọ́ lọ́wọ́ pàṣán nípa bẹ́ẹ̀, títí kan àwọn tó jẹ̀bi.