Kúáàkì Ni, Kì í Ṣe Kwaki

Ìyá mi sọ fún gbogbo àwọn tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Barkin Sale, ní Minna, pé gàrí ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. N kò lè dá a lẹ́bi. Minna ni wọ́n bí i sí. Lójú tirẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ ìlú wa ò ju ibi tí wọ́n ń lọ sìnkú lọ, Hausa sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Mo ní kúáàkì, ọ̀rọ̀ físíìsì, ni mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí, kwaki ló gbọ́, garin kwaki sì ni Hausa ń pe gàrí. Ó tiẹ̀ béèrè bóyá ìwé mi yóò jẹ́ kí gàrí dínwó lọ́jà Kure.

Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i títí àìsàn inú fi dá a dùbúlẹ̀, tí dókítà sì jẹ́ kó yé mi pé kò ní dìde mọ́. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ gàrí yìí bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi nínú. N kò fẹ́ kó kú láìmọ ohun tí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ń fi ayé rẹ̀ ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ti múná lọ, ooru sì mú, mo da bọ́tìnnì rẹ̀ sórí ibùsùn. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó." Mo ṣàlàyé pé kúáàkì wà nínú ohun gbogbo, ó kéré débi pé ojú kò lè rí i, mẹ́ta ló sì sábà máa ń wà pọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rí oríṣi kan tó jẹ́ márùn-ún. Iṣẹ́ tèmi ni láti ṣírò ohun tó so márààrún pọ̀. Mo kó bọ́tìnnì márùn-ún sí i lọ́wọ́, mo pa ọwọ́ náà dé: àwọn onímọ̀ kan ní bí wọ́n ṣe fún mọ́ra nìyẹn. Mo tún pín wọn sí mẹ́ta àti méjì: àwọn mìíràn ní nǹkan méjì ló kàn sún mọ́ra, agbára tó so wọ́n pọ̀ kò tó nǹkan.

Ó wò wọ́n títí. Ó ní èwo ni òótọ́. Mo ní a ò tíì mọ̀, nítorí kí èèyàn tó ṣẹ́jú, wọ́n ti tú. Ó ní kí la wá ń wò. Mo ní ohun tó ṣẹ́kù ni, àwọn tó fọ́n ká síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ara wọn la ti ń mọ̀ pé wọ́n ti wà pọ̀ rí.

Ó di bọ́tìnnì méjì mú. "Tí wọ́n bá ti túká, ṣé wọn kì í tún wá ara wọn ni?"

Mo mọ̀ pé kì í ṣe kúáàkì ló ń bi mí. Àwọn ará ìjọ Onítẹ̀bọmi ń wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn yẹn, wọ́n ń sọ fún un pé a ó tún pàdé lókè. Kò bi wọ́n. Èmi ló bi, n kò sì mọ irọ́ tí mo lè pa tí kò ní rí lójú mi.

"Rárá, Màmá."

"Shi ke nan," ló fi Hausa wí, pé ó parí nìyẹn. Ó ní kí n kó bọ́tìnnì kúrò kó má baà sùn lé wọn, ó sì kọjú sí ògiri. Títí ó fi kú, kò tún bi mí léèrè iṣẹ́ mi mọ́.