Ohùn Àkàlà Inú Ìwé Adéòkè

Ohùn Adéòkè wúwo tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé, bó bá kí ènìyàn láti ẹ̀yìn ilé, onítọ̀hún á ti dọ̀bálẹ̀ kó tó yọjú wo baba tó ń kí òun. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan létí odò Ọya, erinmi méjì sì yọrí wò ó bóyá ẹbí àwọn ni. Abúlé Oworo ló ti wá, aṣọ ló ń hun, ọkọ rẹ̀ Joseph sì ń já ẹrù nínú ọkọ̀ ojú omi ní Lọ́kọ́ja. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, àwọn ìyàwó ilé bẹ̀ ẹ́: “Ìyàwó wa, bí a bá ń kọrin, ṣáà máa la ẹnu. Má jẹ́ kí nǹkan kan jáde o!” Láti ọjọ́ náà ló ti ń la ẹnu lásán, ìdí ọlọ ni o, ṣọ́ọ̀ṣì ni o.

Ní nǹkan bí ọdún 1909, lẹ́yìn tó ti mọ̀wé kà ní kíláàsì ọjọ́ Ìsinmi, ó ṣe ìwé kan fún àwọn ọmọdé. Ó fi osùn, ẹlú àti èédú ya àwòrán sórí bébà, ó sì fi òwú ìhunṣọ rán an pọ̀. Ìtàn àkàlà ni, ẹyẹ dúdú ńlá tí igbe rẹ̀ ń dún bí àgbá tí wọ́n ń yí, tí ojú sì ń tì í láàárín àwọn ẹyẹ olóhùn tínrín. Ohun tí Adéòkè ń fẹ́ lọ́kàn ni pé kí àwọn ọmọ fẹ́ràn ìwé náà. Ó gbé e fún Ọmọ́tọ́lá, ìyàwó akọ̀wé, tí ohùn rẹ̀ dùn bí oyin.

“Àbúrò mi, bá mi kà á. Bí èmi bá kà á, wọ́n á sá.”

Ọmọ́tọ́lá kà á fún àwọn ọmọ lábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tó dé ibi tí àkàlà ti ké, ó ké e wẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ wojú ara wọn. Bámiṣayé, ọmọbìnrin kékeré tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, dìde.

“Ìyá, ẹyẹ yìí ń purọ́. Ohùn rẹ̀ dùn. Kí ló wá ń tijú fún?”

Ẹ̀rín sọ. Ọkọ̀ ojú omi fọn fèrè lébùúté, àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde kí wọ́n lọ wò ó. Ọmọ́tọ́lá gbé ìwé lé Adéòkè lórí itan.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹyẹ yín ni. Ẹ ké e fúnra yín.”

Adéòkè ṣí ìwé náà sí ibi tí àkàlà ti ké. Ó la ẹnu, ohùn sì jáde: “Húùùù!” Máńgòrò tí kò tíì pọ́n já lulẹ̀. Ọmọ kan sá sẹ́yìn igi. Ṣùgbọ́n Bámiṣayé pàtẹ́wọ́.

“Òun nìyẹn! Àkàlà gan-an nìyẹn! Ìyá, ẹ tún un ké!”

Ó tún un ké. Ó kà á parí, wọ́n ní kó tún un bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá tó wá pe ọmọ wọn sílé jókòó tì wọ́n.

Lójú ọ̀nà ilé, Adéòkè di Ọmọ́tọ́lá lọ́wọ́ mú.

“O ṣeun, ọmọ ìyá mi. Ọlọ́run ló rán ọ kí o kà á burúkú bẹ́ẹ̀.”

“Burúkú kẹ̀? Èmi tí mo kà á dùn-ún-dùn!”

“Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn. O ṣeun, o ṣeun!”

Adéòkè kò la ẹnu lásán mọ́. Bí wọ́n ti ń kọjá, àwọn ènìyàn ń dáhùn láti inú yàrá wọn pé, “Kò tọ́pẹ́ o!”, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnìkan nínú wọn tó ṣe é lóore.