Bí Tun Kindo Ṣe Ń Ka Ìgbì

Àṣìṣe kékeré ni. Ó ka ìgbì méjì, ó pè é ní mẹ́ta.

Ọgbọ̀n ọdún ni Tun Kindo fi kọ́ gbogbo ọkùnrin tó ń da àwọ̀n ní erékùṣù Luta pé mẹ́ta-mẹ́ta ni ìgbì ńlá ń rìn. Kí èèyàn dúró lórí àpáta, kí ó jẹ́ kí ẹ̀kẹta kọjá, kí ó tó wọmi. Lọ́jọ́ náà, ó ka ọ̀kan, ó ka èjì, ó wá gbọ́ tí Ben Taitano, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́, ń ka tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí kò kà á dáadáa. Ó yíjú sí i láti tún un ṣe fún un. Nígbà tó parí àlàyé, ó wọmi. Ìgbì kẹta bá a níbẹ̀.

Omi gba fìlà rẹ̀, ó gba eyín àfisẹ́nu rẹ̀, ó sì fi àwọ̀n wé e bí ẹ̀kọ inú ewé. Àwọn kan ń sọ pé ó gba ṣòkòtò rẹ̀ pẹ̀lú. Kò rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má fi kún un: bẹ́líìtì rẹ̀ le. Nígbà tí wọ́n wọ́ ọ dé orí yanrìn, ẹja mẹ́ta wà nínú àwọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Ó nàka sí wọn, ó sì fi erìgì lásán sọ fún Ben pé, “Mẹ́ta. Ohun tí mò ń sọ fún ọ nìyẹn.”

Tun la máa ń pe àgbà ọkùnrin níbí, Tan la ń pe àgbà obìnrin. Tan Lole, ìyàwó rẹ̀, nìkan ló ń pè é ní Kindo lásán. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sì ti sú u, kì í pè é rárá.

Ẹni tí Tun Kindo kò lè gbà fún láyé ni ọkùnrin inú rédíò tó ń kéde ojú ọjọ́. Bí ìyẹn bá ti ní ìgbì yóò ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjìlá, Tun Kindo á gbé ọ̀pá oparun tó fi ọ̀bẹ sàmì sí, ó di etíkun, ó ń lọ wọ̀n ọ́n. Nígbà kan ó padà wálé, ó rin gbingbin, omi ti gba ọ̀pá, ó ní mọ́kànlá ni.

Tan Lole bi í pé, “Mọ́kànlá ọ̀hún, ṣé kò lè pa èèyàn ni?”

Ó ní ó lè pa èèyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe méjìlá.

Bí wọ́n bá ta àsíá pupa sétíkun pé kí ẹnikẹ́ni má wọmi, á ní aṣọ ni, aṣọ kò mọ òkun. Á wọmi. Èyí tó burú jù ni pé á tún padà wálé láìfarapa, pẹ̀lú ẹja lọ́wọ́. Bí àwọn ọkùnrin ìlú kò ṣe ka àsíá sí mọ́ nìyẹn.

A kì í bi apẹja pé níbo ló ń lọ. Ẹni tó bá bi í ti ba ọjọ́ náà jẹ́. Dandan ni kí apẹja náà padà sílé, kó jókòó, kó tún ìrìn bẹ̀rẹ̀. Èyí ni Tan Lole fi mú un. Bí omi bá ti ń ru, á ránṣẹ́ sáwọn aládùúgbò. Tun Kindo á gbé àwọ̀n kọ́ èjìká, Tan Chong tó ń gbálẹ̀ níwájú ilé rẹ̀ á sì fi ohùn dídùn béèrè ibi tó ń lọ. Á padà, á jókòó, á máa wo ògiri. Ó tún jáde, oníbúrẹ́dì bi í. Lọ́jọ́ kan wọ́n dá a padà nígbà mẹ́fà. Lẹ́ẹ̀keje, ó gba ẹ̀yìn ilé, ó gun odi, ó bọ́ sílẹ̀ síwájú àlùfáà tó ń kàwé lábẹ́ igi máńgòrò.

“Kindo, níbo lò ń lọ?”

“Ilé ni, Fadá.”

Ọdún tí ìjì líle ń gba apá gúúsù bọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ìjì fúnra rẹ̀ kò tíì dé, ojú ọ̀run mọ́ bí awo tí a fọ̀. Ìgbì rẹ̀ nìkan ló ṣáájú. Àkókò mañahak sì ni, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tó ń ya wọlé bí òjìji kan ṣoṣo, tí a ń fi iyọ̀ pa mọ́ sínú ìgò, tí ẹni tó bá kó wọn gbọ́dọ̀ pín kárí ilé. Ọkùnrin mẹ́sàn-án ti dúró lórí àpáta pẹ̀lú àwọ̀n, Ben ló ṣíwájú. Àsíá pupa ń fẹ́ lórí wọn. Kò sẹ́ni tó wò ó.

Tun Kindo ni wọ́n ń retí kó sọ ìgbà tí wọn yóò wọmi. Kò sí ojú tó mọ ẹja nínú omi tó tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń sọ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ó dé, ó ka ìgbì. Mẹ́ta kọjá. Ẹ̀kẹrin dé, ó ga ju àwọn tó ṣáájú lọ. Ẹ̀karùn-ún dé. Ó kà títí dé mẹ́sàn-án, kò sí ìsinmi láàárín. Ó bá ká àwọ̀n rẹ̀.

“Ẹja kò wá.”

Ben nàka sí ohun dúdú kan lábẹ́ omi, kò jìnnà. “Tun, ẹ wò ó dáadáa. Àwọn nìyẹn.”

“Ewé òkun ni.”

“Ewé òkun tó ń yí kiri?”

“Ben, ta ló kọ́ ọ ní ẹja wíwò?”

Ben ní, “Ẹ̀yin ni.”

“Ewé ni.” Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń lọ. Wọ́n ń kùn, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀ lé e, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí àwọ̀n òun há sínú ewé. Kí oòrùn tó dé àtàrí, ìgbì kan gun àpáta náà, ó sì kó àtẹ̀gùn kọnkéré ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, èyí tí wọn ì bá gbà sá.

Ó yẹ kí wọ́n dúpẹ́. Rárá o. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà omi da mañahak sójú títì bí ẹni da àgbàdo, ohun tí ìlú sì mú nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ojú Tun Kindo ti bàjẹ́. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń já ewé fún un lójú ọ̀nà pé, “Tun, ẹja rèé.” Ọkùnrin tó lè jiyàn lórí ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo kò jiyàn eléyìí rí. Á ní oòrùn ló wọ òun lójú, á máa lọ.

Orí ibùsùn rẹ̀ ló kú sí, nínú oṣù Kejì. Ní ọjọ́ kẹrin àdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án tí a ń gbà fún òkú, lẹ́yìn tí a ṣe “Àmín,” Ben tún sọ ìtàn ewé òkun, gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín. Tan Lole dúró pẹ̀lú àwo ìrẹsì pupa lọ́wọ́.

“Ó rí ẹja náà,” ló wí. “Ó délé, ó ní, ‘Lole, wọ́n pọ̀ débi pé mo ń gbóòórùn wọn.’ Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún àwọn ọkùnrin pé ìgbì ló burú. Ó ní wọn kò ní gbọ́. Òun ló kọ́ wọn láti má gbọ́.”

Ben dìde, ó gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìrẹsì kiri. Nígbà tí ẹnì kan tún rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà rọ̀.

Tun Kindo wà ní ibi ìsìnkú ẹ̀yìn ilé ìjọsìn, ìlà kejì láti ẹnu ọ̀nà, lápá ọ̀tún.