Sájẹ́ǹtì Threlfall Gbé Aago Lọ sí Oko Àgùntàn

Ní ìlú Hereford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ṣójà kan wà tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ wọ́n. Wọn kì í wọ aṣọ ológun jáde sígboro, wọn kì í sì í sọ iṣẹ́ wọn fún àna wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn pátá ló ń wọ irú aago kan náà: Róléẹ̀sì dúdú, olówó gọbọi, tí wọ́n fín àmì ẹgbẹ́ wọn sí lẹ́yìn. Alápatà tó wà lójú títì kò nílò kí ẹnikẹ́ni ta á lólobó. Bí oníbàárà bá nawọ́ gba ẹran, ọrùn ọwọ́ yẹn ló máa ń wò, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ọ̀gá." Ẹni tó sá pamọ́ tó tún ń wúkọ́, kí la fẹ́ pè é?

Ọ̀kan nínú wọn ni Desmond Threlfall. Ọmọ awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, láti Barrow lápá àríwá. Aago oníke ni bàbá rẹ̀ fi wa bọ́ọ̀sì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Desmond ní tirẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wọ ẹgbẹ́ náà. Nígbà tó ti ojú ogun àkọ́kọ́ dé, kò tíì sinmi tán tó fi lọ ra aago tirẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ni Rhona ìyàwó rẹ̀ ń retí lọ́dún náà. Nígbà tí òtútù dé, inú kóòtù ni obìnrin náà ti ń dáná.

"Desmond, ṣé aago yẹn máa ń gbóná ni?"

"O ò mọ ohun tó wà níbẹ̀ ni. Bí mo bá sọnù sáàárín ọ̀tá, òun ni mo máa fi ra ẹ̀mí mi. Kò síbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n láyé."

"Ó dáa," ni Rhona wí. "Kó o yáa tètè sọnù, ká lè rí èrè ẹ̀."

Ọdún mọ́kànlá kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí, Desmond ò sọnù. Wọ́n sọ ọ́ di olùkọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí èèyàn ṣe ń sá kúrò láàárín ọ̀tá. Kò sí ìgbà tó dúró níwájú wọn tí kì í ká apá ẹ̀wù sókè.

"Ẹ wò ó dáadáa," á ní. "Owó ìlú kan kì í ná ní ìlú kejì. Ọta ìbọn á tán. Ṣùgbọ́n ẹ bọ́ èyí lé darandaran lọ́wọ́, ẹ ó rí i bóyá kò ní fi màlúù ẹ̀ gbé yín dé ẹnu ibodè."

Àwọn ọ̀dọ́ á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ní oṣù kẹta ọdún tó pé ẹni ọdún méjìdínlógójì, ọ̀gá tuntun kan dé, Kápítéènì Lorimer, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò pọ̀. Ó ní kò bójú mu kí olùkọ́ máa kọ́ni ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé, nítorí náà, àwọn olùkọ́ náà yóò sá. Wọn yóò já wọn sílẹ̀ lórí àwọn òkè Wales láìsí owó, láìsí fóònù, láìsí oúnjẹ. Àwọn ṣójà mìíràn yóò máa fi ajá wá wọn kiri. Ẹni tó bá dé orí afárá kan báyìí kí aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ kẹta tó lù, ó yege. Ẹni tí wọ́n bá mú, ó di ìgbà ìkórè kó tó tún un ṣe.

Wọ́n tú Desmond lára wò. Wọ́n gba bẹ́líìtì rẹ̀, wọ́n yọ okùn bàtà rẹ̀, wọ́n fún un ní ògbólógbòó kóòtù kan tó ń rùn. Ọwọ́ ẹni tó ń tú u wò dé orí aago, ó dúró díẹ̀, ó sì fò ó.

"Ẹ jẹ́ kó wà ńbẹ̀, Sájẹ́ǹtì. Ṣebí ẹ ní òun ló máa gbà yín."

Òjò ọ̀hún ò dá. Lọ́jọ́ kejì, ẹrọ̀fọ̀ fa bàtà kan yọ lẹ́sẹ̀ Desmond, kò sì rí i mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ebi ti sọ ojú rẹ̀ di bàìbàì nígbà tó rí èéfín ilé oko kan ní ìsàlẹ̀ òkè. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ wọ̀ọ̀. Aago yóò wá ṣiṣẹ́ rẹ̀ wàyí.

Opó kan ló ni oko náà, Gwenllian Probert, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Inú ahéré àgùntàn ló wà, lórí ìkúnlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abo àgùntàn kan tó ti ń rọbí láti ìdájí. Ó gbójú sókè wo Desmond láti orí dé ẹsẹ̀.

"Bàtà ẹ kejì dà?"

"Ó wà nínú ẹrọ̀fọ̀, mà. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi mọ́tò gbé mi dé afárá tó wà lójú odò. Mi ò lówó lọ́wọ́, àmọ́ mo ní èyí."

Ó tú aago náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i bí ẹni tó ń gbé ọmọ tuntun lé ìyá àgbà lọ́wọ́. Ìyá náà nu ọwọ́ mọ́ ara kóòtù rẹ̀, ó gbà á, ó gbé e sétí.

"Ọmọọmọ mi Ifor ní irú ẹ̀," ó wí. "Etíkun Spain ló ti rà á, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó kó wọn kọ́ apá. Wọ́n fi jígí ojú oòrùn ṣe ènì fún un."

"Mà, ojúlówó lèyí. Ẹ lè tà á kẹ́ ẹ fi ra ọkọ̀."

"Ọkọ̀." Ìyá Probert tún wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹni tó so ọkọ̀ mọ́wọ́, tí ò ní bàtà lẹ́sẹ̀. Ta lo jí i gbé lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Èmi kì í ṣe olè, mà."

"Mi ò tíì pàdé olè tó ní olè lòun. Gba nǹkan ẹ. Mi ò lè fi aago fa ọmọ jáde níkùn àgùntàn. Làkúrègbé ti ba ọwọ́ mi jẹ́. Tìẹ ńkọ́, ṣé ó mọ iṣẹ́ kankan?"

Desmond ti fò bọ́ láti inú ọkọ̀ òfuurufú lójú ọ̀run dúdú. Ó ti wẹ odò ọ̀tá já. Ṣùgbọ́n nígbà tó kúnlẹ̀ sórí koríko gbígbẹ yẹn tó na ọwọ́ sínú ara àgùntàn, kò mọ èyí tó jẹ́ orí, kò mọ èyí tó jẹ́ ẹsẹ̀.

"Rọra," ni ìyá náà ń wí. "Wá ẹsẹ̀ méjèèjì. Tó bá jẹ́ orí nìkan lo dì mú, wàá pa á. Ṣé o rí i? Ó yá, fà á. Má jà á gbà, kì í ṣe ìjà."

Ọmọ náà yọ jáde, gbogbo ara rẹ̀ ń yọ̀ kinrin, kò mí. Ìyá Probert gbá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ó fì í lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ àgùntàn sín. Desmond jókòó sínú koríko, ó sì bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí.

Lẹ́yìn èyí ni Ìyá Probert fún un ní búrẹ́dì àti wàràkàṣì, ó sì kó kóòtù, fìlà àti bàtà rọ́bà ọkọ rẹ̀ tó ti kú fún un.

"Mo ní àgùntàn mẹ́ta tí mo fẹ́ gbé lọ sí òdìkejì afárá yẹn," ó wí. "Wọ mọ́tò."

Wọ́n so tírélà kékeré mọ́ ẹ̀yìn jíìpù, wọ́n kó àgùntàn sí i, ó di ọ̀nà. Desmond ti tún so aago rẹ̀ mọ́wọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù, wọ́n bá àwọn ṣójà ní oríta, àwọn ti ẹ̀ka mìíràn tí kò mọ ojú Desmond. Ajá wọn gbóòórùn mọ́tò náà yípo, àgùntàn nìkan ló gbọ́. Kọ́púrà kan, Agnew lorúkọ rẹ̀, tẹ̀ ba fèrèsé.

"Ta lẹni yìí, mà?"

"Ọmọ àbúrò ọkọ mi. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀."

Agnew mi orí, ó ní kí wọ́n máa lọ. Ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ Desmond kò sé dáadáa, Desmond sì nawọ́ fà á. Ọwọ́ tó nà jáde yẹn kún fún ẹrẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ àgùntàn gbẹ sí èékánná rẹ̀, aago náà sì ń dán gbinrin láàárín gbogbo rẹ̀. Kọ́púrà wò ó, ó wo aago oníke tó wà lọ́wọ́ tirẹ̀ náà.

"Ọ̀gá," ó rọra wí, "ẹ bọ́ sílẹ̀ ká jọ máa lọ."

"Ẹ má wo ti aago yẹn," ni Ìyá Probert wí. "Ayédèrú ni."

"Ká ní ayédèrú ni, mà, à bá ti jẹ́ kó kọjá."

Ní bárékè, tí Desmond bá ti wọ yàrá oúnjẹ, àwọn ọ̀dọ́ á máa ké bí àgùntàn láti abẹ́ tábìlì. Kápítéènì Lorimer kò sọ ju pé òun yóò rí i nígbà ìkórè. Rhona ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Jẹ́ kí n bi ẹ́," ó wí nígbà tí èémí rẹ̀ padà. "Ó rà ẹ́ ni, àbí ó tà ẹ́?"

Ẹ má rò pé ọkùnrin náà bọ́ aago sọnù o. Ó ń wọ̀ ọ́. Kódà kí oṣù kẹrin tó parí, mẹ́jọ nínú àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín ti jọ lọ ra tiwọn, wọ́n sì ní kí wọ́n bá àwọn fín orí àgùntàn kékeré sí i lẹ́yìn.

Ní oṣù karùn-ún, Desmond wakọ̀ lọ dá kóòtù, fìlà àti bàtà rọ́bà padà. Ọmọ àgùntàn náà ti sanra, ó ń ta bọ́n-ún bọ́n-ún kiri pápá. Ìyá Probert gbé tíì kalẹ̀ fún un, ó jókòó sí òdìkejì tábìlì.

"Àwọn ṣójà ọjọ́ yẹn ní olùkọ́ ni ẹ́ láàárín yín. Kí lò ń kọ́ wọn?"

"Bí èèyàn ṣe ń sá mọ́ ọ̀tá lọ́wọ́, mà."

Ìyá náà da mílíìkì sí kọ́ọ̀pù rẹ̀, ó ro ó, ó sì tì í sún mọ́ ọn.

"Mu tíì ẹ," ó wí. "Ó ń tutù."