Wúrà Tí Ìyá Dídán Nù

Inú ń bí mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn kan gbà pé ó yẹ kí ara ènìyàn balẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ara tèmi ò balẹ̀, mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ìyá Dídán ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kò sì sí ẹni tó ń béèrè ìdí rẹ̀. Ọdún kejìlélógún rèé tó ti ń nu idẹ nínú ilé alájà mẹ́fà kan tó kún fún ọ́fíìsì. Ó ń nu ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó ń nu irin àtẹ̀gùn, ó ń nu àwọn pátákó idẹ tí wọ́n kọ orúkọ lọ́yà àti ti dókítà eyín sí. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló ń débẹ̀, tòun ti agolo ìpara ìnudẹ rẹ̀ àti àkísà mẹ́ta: èyí tí yóò fi kùn ún, èyí tí yóò fi nù ún, èyí tí yóò fi mú un dán. Bí ẹ bá ṣèèṣì da àkísà kejì pọ̀ mọ́ ẹ̀kẹta, ẹ ti wá ìjà nìyẹn.

Ilé rẹ̀ náà ò yàtọ̀. Yàrá méjì péré ni, ṣùgbọ́n kò sí irin kan níbẹ̀ tó láyà láti ṣú. Ṣíbí ń dán, kọ́kọ́rọ́ ń dán, àgádágodo ń dán bí ẹni pé ó ń lọ ìgbéyàwó. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún aago ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, máa ń sọ pé òun kì í jókòó pẹ́ lójú kan nínú ilé yẹn, kí ìyàwó òun má baà nu òun náà mọ́ ọn.

Lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, ẹgbẹ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ń fowó pamọ́ sí forí ṣánpọ́n, akápò sì di àwátì. Ẹ̀gbọ́n mi ò sunkún. Ó kàn sọ pé láti ọjọ́ náà lọ, òun ò ní fowó òun sọ́wọ́ ohunkóhun tó bá lẹ́sẹ̀ mọ́.

Nísàlẹ̀ ilé alájà mẹ́fà yẹn, ilé ìtajà kan wà tó ń ta wúrà. Kì í ṣe ẹ̀gbà tàbí òrùka o. Wúrà pẹlẹbẹ kéékèèké ni, gíráàmù márùn-ún márùn-ún, tí ò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Wọ́n tẹ nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lára, wọ́n sì fi ike líle dì í mọ́ inú káàdì kan. Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń nu ọwọ́ ilẹ̀kùn wọn ló ti gbọ́ tí máníjà wọn ń sọ fún oníbàárà pé wúrà kì í dípẹtà láéláé. Ẹni tó ti ń bá ìpẹtà jà láti ọdún gbọọrọ wá, ẹ rò ó wò, irú ọ̀rọ̀ wo ló tún lè dùn mọ́ ọn nínú jùyẹn lọ? Ní ìparí ọdún náà, ó kó àjẹmọ́nú rẹ̀ lọ síbẹ̀, ó ra ẹyọ kan. Ọdọọdún ló sì ń ra ẹyọ kan títí ó fi pé mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, ohun tó máa ń sọ nìyẹn.

Tó bá ti wá rà á, àga ń bẹ nílẹ̀. Omi tútù ń bẹ. "Màmá wa" ni wọ́n ń pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi "Màmá wa" yẹn sọ́kàn.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Onílé ló ń san owó oṣù ẹ̀gbọ́n mi. Pátákó idẹ ilé ìtajà wúrà yìí àti ọwọ́ ilẹ̀kùn wọn kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún. Àmọ́ tó bá ń kọjá, ó ń nu tiwọn náà, nítorí kò fẹ́ kí ọ̀kan ṣú láàárín àwọn tó ń dán. Láti ìgbà tó ti débẹ̀ ló ti ń ṣe é, wọn ò fi tọ́rọ́ kan ta á lọ́rẹ rí. Mo ti bínú sí i nítorí ẹ̀ nígbà kan, ó ní oore kì í gbé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá wọ́ rèé. Ẹ̀gbọ́n mi ò lè ní irin nílé kó má nù ún. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ra wúrà délé, ó mú abẹ, ó rọra gé etí ike yẹn, ó yọ wúrà jáde. Lójú tiẹ̀, ike yẹn ò yàtọ̀ sí ọ̀rá tí wọ́n máa ń fi wé tìmùtìmù tuntun, tí ènìyàn ń yọ dànù kó tó sùn lé e. Bó ṣe ṣe sí gbogbo wọn nìyẹn. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, yóò tò wọ́n sórí tábìlì, yóò fi ìpara díẹ̀ kùn wọ́n, yóò nù wọ́n, yóò mú wọn dán, àkísà mẹ́ta pé. Ọkọ rẹ̀ á jókòó sí òdìkejì, á máa bá a ka nọ́ńbà ara wọn. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko, wọ́n ń ṣe é bí ẹni ń wẹ ọmọ.

Nígbà tó yá, ọkọ rẹ̀ ò rí nọ́ńbà kà mọ́. Nígbà tó tún yá, ó ń fọwọ́ tá wúrà yẹn lórí tábìlì kó tó mọ ibi tó wà. Awọ funfun ti bo ojú méjèèjì. Dókítà ojú ní iṣẹ́ abẹ ló máa gbà, ṣùgbọ́n kí wọ́n má jẹ́ kó ju oṣù méjì lọ, nítorí awọ yẹn ti ń le. Ẹni tó fi ojú rẹ̀ jẹun ní gbogbo ayé rẹ̀, tó ń fi irin inú aago tó kéré ju ìyẹ́ eṣinṣin lọ ṣeré, òun ló wá ń fọwọ́ wá ife omi. Ẹ̀gbọ́n mi ò fọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní wúrà wà.

Èmi ni mo sìn ín lọ tà á. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ni mo ń wà, nítorí náà láàárín àkókò tí mo gbé àwọn ọmọ lọ àti ìgbà tí mo máa kó wọn bọ̀ la lọ. Ó di wúrà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sínú aṣọ funfun, ó kó káàdì wọn àti rìsíìtì wọn sínú àpò ìwé. Kò sí èyí tó sọ nù nínú wọn.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà wò wá, ó lọ pe máníjà. Máníjà dé, ó fi ìka méjì mú ẹyọ kan bí ẹni mú aáyán. Kò sí àga lọ́jọ́ yẹn. Kò sí omi.

"Màmá, ẹ ti já èdìdì ẹ̀," ó ní. "Ẹ sì tún ti nù ún. Ohun tẹ́ ẹ bá ti nù báyìí, iye ẹ̀ ti já nìyẹn. Iye àjákù wúrà la máa fi rà á."

Ó wá dá iye kan lé e. Iye wúrà ọjọ́ náà wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, ó ń tàn yanran, ohun tó dá lé tiwa kò sì tó ìdajì rẹ̀. Owó yẹn ò lè ṣe ju ojú kan lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mo ní nọ́ńbà ara wúrà bá ti káàdì mu, káàdì bá rìsíìtì mu, orúkọ ilé ìtajà rẹ̀ ló sì wà lórí rìsíìtì. Ó ní ta ló mọ ohun tí a ti ṣe sí i láti ìgbà náà. Ó yí káàdì kan padà, ó tọ́ka sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí á má ṣí i. Lẹ́tà yẹn rí bí ẹsẹ̀ eèrà. Èmi tí ojú mi dá ṣáká, mi ò rí i kà.

Ẹ̀gbọ́n mi ò pariwo ní tiẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ tà á fún mi?"

Máníjà ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé wúrà ni nígbà tẹ́ ẹ tà á?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí ni mo wá sọ ọ́ dà?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní kó gbé e sórí ìwọ̀n, máníjà ní ìwọ̀n àwọn kì í ṣe fún àjákù. Ó wá wo aago rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kó wúrà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dì í padà, a jáde. Ọwọ́ ilẹ̀kùn tí a dì mú láti jáde ń dán gbinrin, òun fúnra rẹ̀ ló nù ún láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo wakọ̀ padà lọ kó àwọn ọmọ ilé-ìwé.

Alágbẹ̀dẹ wúrà kan tó ti darúgbó, tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń bá tún aago ṣe láyé àtijọ́, ló yọ wá. Ó fi wúrà ha òkúta dúdú rẹ̀, ó kán omi ásíìdì tí wọ́n fi ń dán wúrà wò sí i, ó wò ó. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní wúrà gidi ni mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ó ní lóòótọ́, ìpara ìnudẹ yẹn ti họ díẹ̀ kúrò lára wọn, ṣùgbọ́n ohun tó họ lára gbogbo wọn pọ̀ kò tó hóró ìrẹsì. Ó wá béèrè àkísà tó fi ń nù wọ́n, nítorí inú irú àkísà bẹ́ẹ̀ ni wúrà tó họ máa ń wà, òun á sì jó o yọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo ìparí ọdún lòun ń dà á nù. Bàbá yẹn káwọ́ lérí.

Iye ọjọ́ náà ló san, ó kàn yọ èrè díẹ̀ tirẹ̀ kúrò. Ojú méjèèjì ló tó. Wọ́n ṣe ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà wọ́n ṣe èkejì. Ohun tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ béèrè nígbà tí wọ́n tú ojú kejì náà ni káàdì wúrà kan. Ó fi awò tó fi máa ń tún aago ṣe sójú, ó sì ka ẹ̀yìn rẹ̀ sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó kà á tán, ó ní ẹni tó bá kọ ohun gidi fún ènìyàn, a máa fẹ́ kí onítọ̀hún rí i kà. Ẹ̀gbọ́n mi ń nu kọ́kọ́rọ́ lọ ní tiẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, mo gbé ọkọ rẹ̀ lọ kí i níbi iṣẹ́. Ọkùnrin náà ń rìn bí ọba, ó ń yẹ gbogbo irin àtẹ̀gùn wò, ó ń fọwọ́ kan ibí, ó ń fọwọ́ kan ọ̀hún, ó ń wá ibi tó ti máa bá ìyàwó rẹ̀ ṣàwàdà. Gbogbo rẹ̀ ń dán. Àfi pátákó kan. Ó ti ṣú, ó ti wọ àwọ̀ ewé, ọwọ́ ilẹ̀kùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà dúdú.

Ibẹ̀ la dúró sí tí máníjà fi jáde. Ó rí ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú agolo lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Màmá wa," ó ní, ẹ gbọ́ ohun tó pè é, "ẹ ti gbàgbé tiwa. Àwọn oníbàárà ti ń béèrè bóyá a ti kó lọ."

"Mi ò gbàgbé, ọ̀gá," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi pé ohun tí mo bá ti nù, iye ẹ̀ ti já. Mi ò fẹ́ ba ọjà yín jẹ́."

Ó ní àwọn á máa sanwó báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ọwọ́ òun kún. Máníjà fa áńkáṣíìfù yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra pátákó yẹn, ohun tó sì rí gbà nínú rẹ̀ kò ju ìka dúdú lọ.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ pátákó náà. Ó tẹ̀ síwájú, ó fẹjú, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá," ó ní, "kí ni wọ́n kọ síbí? Ojú mi ti dáa o. Mi ò kàn rí i kà ni."

Nígbà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ti dé ẹnu ọ̀nà dókítà eyín, ó sì ti mú àkísà kejì.