Ti Ìdáná Ni Àbí ti Ọkọ̀?

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mi ò tíì ga tó ìdajì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa epo, ilé-epo kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò wa ní Ṣáléńjì. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ẹ̀yin ọmọ mi náà ń rà níbẹ̀, ẹ kàn ò mọ ìdí tí wọ́n fi ń béèrè ìbéèrè tó ń pa yín lẹ́rìn-ín yẹn ni.

Bàbá tó ni ilé-epo náà ń ta bẹntiróòlù fún àwọn onímọ́tò, wọ́n sì ń ta epo òyìnbó tí a fi ń dáná. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ agbépo dé. Awakọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ará ibí. Bàbá bi í pé, "Ṣé epo òyìnbó lo gbé wá?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Àṣé lọ́dọ̀ tirẹ̀, gbogbo epo tí kì í bá ti ṣe epo pupa, epo òyìnbó ni! Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀. Ti ọjọ́ náà fẹ́ẹ̀ fọ́ lé gbogbo àdúgbò lórí. Bẹntiróòlù ni wọ́n dà sínú táńkì epo ìdáná. Ó pò mọ́ ìyókù tó wà nísàlẹ̀, òórùn rẹ̀ ò sì tètè tú àṣírí.

Nígbà tó yá, epo náà kán sí bàbá lọ́wọ́, ó sì gbẹ lójú ẹsẹ̀. Epo òyìnbó kì í gbẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sáré jáde. Àwọn èèyàn ti rà á lọ sílé, ìrọ̀lẹ́ sì ti ń lẹ́.

Ní tiwa, ìyá mi ti rọ ọ́ kún sítóòfù, ìkòkò ẹ̀wà wà nílẹ̀, ìṣáná wà lọ́wọ́ wọn. Gbohùngbohùn mọ́sáláṣí bá dún. Onígbàgbọ́ ni wá, etí wa ti mọ́ ìpè ìrun lára. Ṣùgbọ́n àkókò ìrun ò tíì tó, ohùn náà kì í sì í ṣe ti ládàánì. Ọwọ́ ìyá mi dúró sójú kan.

"Ẹ má ṣáná o! Ẹni tó bá ra epo lọ́wọ́ mi lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣáná o!"

Bàbá ẹlẹ́po ni. Ìyá mi ju ìṣáná nù, wọ́n figbe ta: "Yéè! Ìyá àgbà!" Ìyá arúgbó tó ń gbé ọ̀ọ́kán wa ni wọ́n ń sọ, etí wọn ti di pátápátá. A sáré wọlé tọ̀ wọ́n. Fìtílà tí wọ́n ti rọ epo náà sí wà níwájú wọn, ìṣáná ti ń jó lọ́wọ́ wọn. Ìyá mi fẹnu fẹ́ ẹ pa.

"Kí ló dé tóo fẹ́ iná mi pa? Ṣé ilẹ̀ ò ní í ṣú ni?"

Ìyá mi jókòó sílẹ̀, wọ́n ń sunkún, èmi náà bá wọn sun ún.

Ilé kankan ò jó. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bàbá ò fẹnu pe epo òyìnbó mọ́. Bí o bá ti dé ibẹ̀, wọn á ní, "Ti ìdáná ni àbí ti ọkọ̀?" Bí o ò bá dáhùn, wọn ò ní í tà fún ọ.

Bàbá ti lọ, ọmọ-ọmọ wọn obìnrin ló ń tà á báyìí. Gáàsì la fi ń dáná, ẹ̀rọ epo òyìnbó ti dípẹtà. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo yín, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ẹ mọ ẹni tí etí rẹ̀ di ládùúgbò yín. Ọmọbìnrin náà ṣì ń béèrè. Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú yín rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀: "Màmá, ṣé kò rí mọ́tò tí a gbé wá ni?"

Ó rí i. Ẹ ṣáà máa dá a lóhùn. Èmi ṣì ń rí ìṣáná yẹn lọ́wọ́ ìyá mi.